Ìyá ìkókó tó ń sunkún ṣáá: kí ni ká ṣe ní UK níbí?

Bọ̀dá Manchester: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàwó àbúrò wa bímọ ní ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn. Ó ń sunkún ṣáá, kì í rí oorun sùn kódà bí ọmọ bá sùn. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, kò sí ìyá nítòsí. Kí la ó ṣe?

Àǹtí Agbẹ̀bí: Ẹ kú oríire ọmọ, sà. Ẹkún tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ (postnatal depression) lè ti wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ aráyé. Ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kó pe GP (dókítà àdúgbò) tàbí health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ìyá àti ọmọ wò) lónìí, kó má dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Wọ́n lè fún un ní ìwé ìbéèrè 10 tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni tiwa ti máa ń bàjẹ́: "a dúpẹ́" la fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, máàkì á wá kéré, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ 13 sókè ló sábà ń jẹ́ kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìbéèrè kẹwàá dá lórí ṣíṣe ara ẹni léṣe. Kó má fi ohunkóhun pamọ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí ọkọ má túmọ̀ fún un o, torí ọ̀rọ̀ wà tí kò ní lè sọ lójú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Apòògùn: Ní England, ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní NHS Talking Therapies, ìyẹn ètò ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ, láìgba ọ̀dọ̀ GP. Tí wọ́n bá kọ sertraline, òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún un, kó sọ pé òun ń fọ́mọ lọ́mú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú omi ọmú. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn án lọ́wọ́, kó má tìtorí ọjọ́ 5 dá a dúró.

Màmá Ṣọ́ọ̀ṣì: Òògùn nìkan ò tó. Àìsùn, àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àti àìsówó ilé ń dá kún un. Ẹ̀yin tó ń lọ kí ọmọ, ẹ má jókòó kó máa gbọ́únjẹ fún yín. Kí ẹnì kan gbé ọbẹ̀ lọ, kí ẹlòmíì gbé ọmọ láti aago 9 alẹ́ sí 1 òru kí ìyá sùn. Ìyá àgbà tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ kì í lò ju oṣù 6 lọ lórí visitor visa, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀.

Àǹtí Agbẹ̀bí: Mo gbàgbé èyí: tó bá ń gbóhùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tàbí tó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń ro ikú, 111, nọ́ńbà NHS, ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ tẹ 2. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.