Tapólì olówùú ni, kì í ṣe "ìborí alágbára"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè lórí ọ̀rọ̀ tapólì yìí, mi ò tètè dá sí i torí iṣẹ́ pọ̀ ní yáàdì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fẹnu kò sí yẹn, àwa tá à ń so tapólì mọ́ ẹrù ló máa padà wá bá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kó tó di pé ẹ tì í pa.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: arábìnrin wa kan tó ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń ṣọ́ sítọ̀ ló bèèrè pé kí la máa pe tapólì ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù tirela àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, èyí tí òyìnbó máa ń kọ "heavy-duty reinforced" sí lára, ìyẹn ni pé iṣẹ́ líle ló wà fún, wọ́n sì fi nǹkan kún inú ẹ̀ kó lè le. Ẹ̀gbọ́n kan dá "ìborí alágbára" lábàá, àwọn mẹ́ta sì ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè bá yín fọwọ́ sí i. Ìborí, ohun tí obìnrin fi ń bo orí ló kọ́kọ́ máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn, ẹni tẹ́ ẹ bá ní kó lọ gbé ìborí wá ní sítọ̀, gèlè tàbí síkáàfù lá máa wá kiri. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ká mi lára jù. "Alágbára" yẹn ni. Kò sí ẹni tó ń ta tapólì tí kò ní sọ fún yín pé tòun lágbára. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọlọ́jà lè sọ nípa gbogbo ọjà, kí ló fẹ́ bá ẹni tó ń rà á yà sọ́tọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ní ìdun-ùn-ta, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀, tirela wa kan gbé àpò sìmẹ́ńtì 600 láti Ewékorò, kílò 50 ni àpò kan, tọ́ọ̀nù 30 gbáko nìyẹn, tapólì tuntun la fi bò ó, ẹni tó tà á fún wa sọ pé alágbára ni, ó tiẹ̀ kọ 650 sórí rìsíìtì pé gíráàmù tó wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan nìyẹn. Òjò ká wọn mọ́nà lóru. Nígbà tí wọ́n máa fi dé láàárọ̀, ojú okùn mẹ́fà, àwọn ihò onírin tí okùn ń gbà kọjá, ti fà já létí tapólì yẹn, atẹ́gùn ti gbé igun ẹ̀ kan sókè, àpò tó wà lókè lápá ibẹ̀ ti gan, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án bí òkúta ló rí. Dẹ́rẹ́bà wa kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó sórí táyà tó ń wò ó.

Mo fi abẹ kan gé tapólì yẹn, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, 10 lóòró, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà ní àdúgbò wa torí òṣùwọ̀n tiẹ̀ máa ń mọ gíráàmù kéékèèké. Gíráàmù 3.8. Irú ègé bẹ́ẹ̀ 100 ló wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn ni pé 380 la rà, a sanwó 650. Mo tún mú ègé lára ògbólógbòó tapólì tá a ti ń lò fún ọdún márùn-ún, òun wọn 6.7. Mo wá gbé àwọn méjèèjì sójú oòrùn. Ti ògbólógbòó yẹn, létí ibi tí mo ti gé e, òwú funfun ló tò gbọn-in gbọn-in, ọ̀kan ò jìnnà sí èkejì, mo fi èékánná họ ọ̀rá ojú ẹ̀, kò bó. Ti tuntun, òwú ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, àlàfo wà láàárín wọn tí mò ń rí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá, ọ̀rá ojú ẹ̀ sì ń bó wálẹ̀ bí èèpo ọsàn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé agbára tapólì, inú òwú ló wà. Ọ̀rá PVC tí wọ́n yọ́ sí i lójú méjèèjì, omi ló ń lé, oòrùn ló ń bá jà, òwú polyester tó wà láàárín ló ń ru ìyà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ orúkọ irú tapólì yìí kó fi ọwọ́ kan òwú yẹn.

Àwọn bíríkìlà wa ti ṣe irú ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, ẹ ò rí i? Kọnkéré tí òyìnbó ń pè ní "reinforced", wọn ò pè é ní kọnkéré alágbára, kọnkéré onírin ni wọ́n ń pè é, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kódà tí kọ́ńtírákítọ̀ bá yọ irin kúrò, èèyàn lè bi í pé onírin tá a sọ ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí tiwa rí: tapólì olówùú. Tí ọlọ́jà bá ní olówùú ni, ẹ ní kó fi òwú ẹ̀ hàn yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ti dá àwọn mìíràn lábàá. Àbúrò wa kan mú "tapólì eleegun" wá, torí òwú yẹn dà bí eegun nínú ara. Ó wù mí, ẹ má rò pé kò wù mí, ìtumọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Tí àmì bá ti kúrò, eleegun àti eléégún ò yàtọ̀ mọ́, ẹni tó ń ka rìsíìtì á rò pé aṣọ ọdún eégún la fẹ́ rà. Ẹlòmíì mú "onífọ́nrán" wá. Fọ́nrán òwú, òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, fídíò ni fọ́nrán lẹ́nu àwọn oníròyìn, ọmọ ogún ọdún ò ní mọ̀ pé ó tún túmọ̀ sí nǹkan míì.

Wọ́n wá yí i padà sí mi pé ṣé olówùú tèmi náà, tí kò bá ti sí àmì, kò ní di Olówu, ọba àwọn ará Òwu? Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn. Olówu gẹ́gẹ́ bí oyè, ó máa ń dá dúró ni, tàbí kí orúkọ ọba tẹ̀ lé e. Olówùú tiwa, kò ní dá rìn láé, ẹ̀yìn tapólì ló máa wà, "tapólì olówùú", bí ìgbà tí èèyàn ní "búrẹ́dì oníbọ́tà". Ẹni tó bá ti rí tapólì níwájú ò lè ṣìnà mọ́. Ti eleegun ò rí bẹ́ẹ̀ torí eégún pẹ̀lú aṣọ, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, aṣọ eégún wà, tapólì sì jọ aṣọ.

Ẹnì kan tún sọ pé tapólì ọ̀rá lásán ńkọ́, aláwọ̀ búlúù tàbí ọsàn tó wà káàkiri yẹn, òun náà kò ha ní nǹkan nínú? Ó ní. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n hun bí ẹni ń hun ẹní, wọ́n wá fi ọ̀rá míì lẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì. Irú ẹ̀ tó dáa ni UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, ń pín fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, mítà 4 sí 5, híhun inú ẹ̀ dúdú, ìwúwo ẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 200 lọ ní mítà onígun mẹ́rin kan. Ó dáa fún àgọ́, ó dáa fún kókó sísá. Ẹ má gbé e lé tirela o. "Tapólì ọ̀rá" tá a ń pè é tẹ́lẹ̀ tó o, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí olówùú dúró fún èyí tó ní òwú polyester.

Ní ti ẹni tó ní ká pa "tapólì" gan-an tì torí pé èdè òyìnbó ni, mo bẹ̀bẹ̀. Òyìnbó fúnra ẹ̀ tó ń pè é ní "tarpaulin", ọ̀dà dúdú ló fi sọ ọ́ lórúkọ, àwọn awakọ̀ ojú omi wọn ló ń fi ọ̀dà kun aṣọ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, "tar" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀dà ni, èyí tó kù jẹ́ ti aṣọ tí wọ́n fi ń bo nǹkan. Kò sí ọ̀dà kankan lára ẹ̀ mọ́ báyìí, wọn ò sì yí orúkọ padà. Àwọn ará wa tó ń gbọ́ Faransé ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, bâche ni wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Ohun tá a lè tún ṣe ni pé ká yéé pè é ní tampólì, torí àwọn kan ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ní "trampoline", èyí tí àwọn ọmọdé ń fò lórí ẹ̀ níbi ọjọ́ ìbí nìyẹn.

Ibi tí èdè wa ti wá dáa ju tòyìnbó lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Nínú ìwé tí wọ́n ń kó wá pẹ̀lú tapólì gidi, agbára méjì ni wọ́n máa ń kọ sí i, ISO 1421 ni ìdánwò àkọ́kọ́, ISO 4674 ni èkejì (ISO ni àjọ tó ń ṣe ìlànà ìdánwò fún gbogbo ayé), ọ̀pọ̀ tó ń rà á ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n á gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú, wọ́n á fà á títí á fi já. Èkejì, wọ́n á ti kọ́kọ́ fi nǹkan là á díẹ̀, wọ́n á wá fà á kí wọ́n rí bó ṣe ń ya lọ. Já àti ya! Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa mọ̀ pé okùn ló ń já, aṣọ ló ń ya. Àgbákò kan náà kọ́ ni. Tí tapólì bá ní 2500 Newton (ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń fa nǹkan) fún ìfàjá, ẹ so àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún rọ̀ sórí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ò ju ìka mẹ́ta lọ yẹn, á gbé e dúró, àmọ́ díẹ̀ ló máa kù kó já. Ṣùgbọ́n tapólì yẹn kan náà, tí ìṣó bá ti là á níbì kan, 250 Newton lè máa fà á ya lọ, àbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn. Ìdí ẹ̀ rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ yáàdì pé kí wọ́n fi ògbólógbòó àpò di gbogbo igun irin kí wọ́n tó bo ẹrù, ihò kékeré ò kéré lára tapólì tí atẹ́gùn ń fà.

Nítorí náà, "agbára ìfàjá" ni kí ẹ kọ fún àkọ́kọ́. Fún èkejì, ẹnì kan kọ "agbára ìyà", ẹ jọ̀ọ́, ìyà tó ń jẹ èèyàn ni gbogbo ayé máa kà á sí. "Agbára ìfàya" ni mo fara mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe "denier" ní "ìnípọn òwú", ìwúwo ni, kì í ṣe ìnípọn: òwú 1000 denier, tẹ́ ẹ bá tò ó gùn tó mítà 9,000, gíráàmù 1000 lá wọ̀n, kílò kan géérégé. "Ìwọ̀n òwú" ti tó.

Àwọn tó kù, kíákíá. Ojú okùn ni kí a máa pe ihò onírin tó wà létí ẹ̀, bí a ṣe ń sọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé onídẹ ni a fẹ́ torí irin lásán máa ń dípẹtà, ìpẹtà yẹn á sì jẹ etí tapólì. Ìṣẹ́tí ni ibi tí wọ́n ṣẹ́ létí, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀, kí wọ́n ti okùn sínú ẹ̀, ibẹ̀ ni tiwa ti kùnà lọ́jọ́ yẹn. Oríkèé ibi tí wọ́n ti so ègé méjì pọ̀, "fi iná lẹ̀" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "rán", torí gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ni ọ̀nà omi. Ẹ má sì lo "àìgbomi" fún ohun gbogbo: sìmẹ́ńtì ń fẹ́ tapólì tí omi kankan ò lè wọ̀, ṣùgbọ́n kókó tí kò tíì gbẹ dáadáa tẹ́ ẹ bá dì í mọ́ abẹ́ irú ẹ̀, á bu, èébu á bò ó. Aṣọ kánfáàsì tó ń mí ni kókó ń fẹ́, "èyí tó ń ta omi dànù" sì ni ká pe ìyẹn.

Arábìnrin wa, bí màá ṣe kọ tèmi rèé, ẹ wò ó: "Tapólì olówùú, gíráàmù 650 ní mítà onígun mẹ́rin kan, ìwọ̀n òwú 1000 denier, agbára ìfàjá 2500, agbára ìfàya 250, omi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kí oríkèé ẹ̀ jẹ́ fífi iná lẹ̀, kí ojú okùn onídẹ wà ní gbogbo ìdajì mítà." Mo ka a sí etí dẹ́rẹ́bà wa láàárọ̀ yìí láìṣàlàyé ohunkóhun. Gbogbo ẹ̀ ló yé e àfi denier. Ó ní kí n fi ègé 6.7 yẹn sínú pọ́ọ̀sì òun, tóun bá tún fẹ́ ra òmíràn, òun á gbé e lọ́wọ́ lọ.