Báwo ni mo ṣe lè mú kí ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn mi tutù?

Ní oko wa lẹ́yìn Kétu, mo gbé ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn oníwáàtì 1000 sórí òpó. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ara rẹ̀ ti ń gbóná dé 85°C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ òòfà niodímíọ́mù lásán (irú òòfà alágbára tó wà nínú rẹ̀) kì í fẹ́ kọjá 80°C kí agbára rẹ̀ tó máa dínkù. Mo ti fọ eruku tó dí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń lé ooru jáde, mo sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Mo tún lu ihò méjì sí ìdérí rẹ̀ (àṣìṣe ńlá ni), àmọ́ nígbà tí mo bá iyanrìn láàárín wáyà bàbà, mo yára dí wọn padà. Ǹjẹ́ fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí i láti ìta lè tó, àbí kí n máa gba omi kọjá lára rẹ̀ nínú ọ̀pá, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ẹ̀rọ ńlá kan?