Ṣé kí n padà sí pápá ìṣeré báyìí tí kòrónà ṣì wà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ká máa padà wá wo bọ́ọ̀lù ní pápá. Ọkàn mi ń fà síbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò gbàgbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Atalanta àti Valencia ní Milan, ní Ítálì, oṣù kejì ọdún 2020: òǹwòran lé ní 40,000, kò sì pẹ́ tí kòrónà fi gbilẹ̀ ní Bergamo, ìlú àwọn Atalanta. Ìjókòó ìta gbangba kọ́ ló ń já mi láyà, bí kò ṣe èrò ẹnu ọ̀nà àti igbe tá a máa ń ké bí góòlù bá wọlé. Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n èmi àti màmá mi tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró la jọ ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé àwọn èèyàn ń lo ìbòmú lóòótọ́, àbí kí n ṣì dúró ná?