Máíkírówéèfù tòkunbọ̀: ṣé ìtànṣán rẹ̀ ń jò, àwo wo ló sì ṣeé gbé sí i?

Alásè_Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Máíkírówéèfù tòkunbọ̀ ni tilé wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń mì díẹ̀. Wọ́n ní kí n ti fóònù sínú rẹ̀ kí n pè é, pé tó bá dún, ìtànṣán ń jò nìyẹn. Fóònù dún. Ṣé kí n gbé e sọ nù ni? Ṣé òótọ́ sì ni pé ìtànṣán ń kù sínú oúnjẹ ọmọ, tó ń fa jẹjẹrẹ? Ike àti ọ̀rá wo ló ṣeé gbé sí i? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ìdáhùn àtagbà WhatsApp.

Olùkọ́_Físíìsì
Aǹtí, ẹ má tìtorí fóònù gbé e sọ nù. Ìgbì 2.45 GHz ni máíkírówéèfù ń lò, òun gan-an ni wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn náà láti dá dúró. Ìgbì tí fóònù ń lò yàtọ̀, bíi 900 tàbí 1800 MHz (0.9 tàbí 1.8 GHz). Yàtọ̀ síyẹn, etí fóònù mú ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: bí ilẹ̀kùn bá dí 999 nínú 1,000 agbára tó ń bọ̀ láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹyọ kan tó kù lè tó o láti dún.

Ní ti jẹjẹrẹ: ìtànṣán tó lè fọ́ nǹkan nínú sẹ́ẹ̀lì ara, bíi ti X-ray, agbára rẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Ti máíkírówéèfù kàn ń mi omi inú oúnjẹ títí á fi gbóná ni. Bó bá ti kú, ìgbì náà ti tán. Bí a bá pa gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ kì í kù sára ògiri.

Ewu ti ọmọ wà níbòmíràn: kì í gbóná dọ́gba. Ara ìgò lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí mílíìkì àárín máa hó. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti yọ́ mílíìkì ọmọ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ rò ó dáadáa, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fún un.

Òfin Amẹ́ríkà láti 1971 ni pé ohun tó bá jò lára rẹ̀, títí ó fi máa gbó, kò gbọ́dọ̀ ju 5 mW (mílíwáàtì) lọ lórí ojú ibi tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, tá a bá wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i. Béèyàn bá sún sẹ́yìn dé sẹ̀ǹtímítà 50, ó ti di nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Ẹ má sáà fojú lẹ ilẹ̀kùn láti wo oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú dígí ẹyinjú kọjá, kò sí ohun tó máa gbé ooru kúrò níbẹ̀.

Rewáyà_Ọjọ́ta
Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ ti sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tó ń mì yẹn ni tèmi. Kó mì ní nǹkan bíi mílímítà kan kì í ṣe wàhálà. Kòtò kan wà yí etí ilẹ̀kùn po lábẹ́ ike dúdú, jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, òun ló ń dá ìgbì padà. Ẹ yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìkọ́ ike ilẹ̀kùn ti sán, bóyá ilẹ̀kùn ti wọ́, bóyá àsẹ́ irin tó wà lára gíláàsì ti lu tàbí ó ti dógùn-ún. Ihò àsẹ́ yẹn kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ, ìgbì náà sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè kọjá. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ nu ọ̀rá oúnjẹ kúrò létí rẹ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin kàn án.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lára tòkunbọ̀ ni súìṣì. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ìkọ́ yẹn: méjì ń gé iná, ẹ̀kẹta á jó fíùsì bí àwọn méjì yẹn bá kọṣẹ́. Àwọn kan á kàn so wáyà wọn pọ̀ kó ṣáà lè ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni ìwà ìkà! Ẹ gbé ife omi sí i, ẹ tan án, kẹ́ ẹ rọra fa ilẹ̀kùn. Kó tó là rárá ló ti yẹ kó dákẹ́. Fáànù lè máa yí, kò burú. Bó bá ṣì ń kùn tó sì ń yí àwo, ẹ yọ iná, ẹ má lò ó mọ́.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní mítà ìjò tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀, omi mílílítà 275 ni kẹ́ ẹ gbé sínú, kó gbé mítà sí sẹ̀ǹtímítà 5, kó rọra tọ etí ilẹ̀kùn yí po. Mítà olówó pọ́ọ́kú a máa ka ìgbì Wi-Fi mọ́ ọn.

Ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ o. Nǹkan bíi fóòtì 4,000 ló ń lọ sí magnetron, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe ìgbì náà, kàpásítọ̀ rẹ̀ sì lè di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Òun ló ń pa èèyàn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà: bó bá kọ 120V 60Hz, ti Amẹ́ríkà ni. Tìráńsífọ́mà tó ń rẹ fóòtì sílẹ̀ nìkan kò tó o. Iná wa jẹ́ 50Hz, tìráńsífọ́mà inú rẹ̀ á máa gbóná jù.

Alásè_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an. 230V 50Hz ló kọ, ó sì dákẹ́ kó tó là. Ó ku ti ike.

Alábọ́_Dùgbẹ̀
Ẹ dojú ike dé. Bí 5 tàbí PP bá wà nínú àmì onígun mẹ́ta, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ó ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù, ó dára fún ìrẹsì tàbí omi. Ọbẹ̀ elépo, rárá: epo a máa gbóná ju omi híhó lọ, ó sì ń fa nǹkan jáde lára ike. Gíláàsì tàbí tánganran ni tirẹ̀. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, 6 ni, yíyọ́ ló máa yọ́. Mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá, ẹ bó o sínú àwo kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Mẹlamáìnì, àwo ike líle tó jọ tánganran, kò yẹ níbẹ̀.

Àwo tí kò dá yín lójú, ẹ gbé e wọlé lófìfo pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kan. Bí àwo bá gbóná tí omi tutù, kò dáa. Ẹ má gbàgbé ife omi yẹn: bí kò bá sí ohun tó ń gba agbára nínú rẹ̀, magnetron ló ń padà bà jẹ́.

Àwo aláwọ̀ góòlù létí a máa ta iná, á sì jó páálí mica tó wà lára ògiri inú. Bí ìyẹn bá ti dúdú, ẹ ra tuntun, ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé e bá ìwọ̀n. Ẹyin tí a kò bó a máa bú. Omi lásán náà lè ré kọjá ìgbà híhó láì hó, kó bú sókè bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ ki ṣíbí onígi sí i kẹ́ ẹ tó tan án.

Olùkọ́_Físíìsì
Ẹni tó bá ṣì ń wá ìtànṣán gidi nínú ilé, irú tó lè fọ́ nǹkan nínú sẹ́ẹ̀lì, kó wo ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá sọ: americium-241, èròjà onítànṣán, wà nínú irú kan nínú wọn. Bébà lásán lè dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán rẹ̀ dúró, kí wọ́n ṣáà má tú u. Àwọ̀n funfun inú àtùpà gáàsì àtijọ́ ní thorium, irú èròjà bẹ́ẹ̀, nínú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fa eérú rẹ̀ símú, kẹ́ ẹ sì fọwọ́.

Bí Wi-Fi bá ń já bẹ́ ẹ bá tan máíkírówéèfù, ẹ má jáyà. Ìgbì 2.4 GHz làwọn méjèèjì jọ ń lò, Wi-Fi kì í sábà ju 100 mW lọ, ìwọ̀nba tí òfin gbà kó jò sì lè dà á láàmú. Ẹ yí ráútà sí 5 GHz.