Ẹ gbà mí o, tíṣà ní dandan ni kí ọmọ mi sáré

Màmá Dáre: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ọmọ mi pé 12, jẹjẹrẹ ṣe é ní kékeré, Ọlọ́run kó o yọ. Látìgbà yẹn mi ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, mi ò jẹ́ kó pọnmi, okùn bàtà ẹ̀ gan-an èmi ni mò ń bá a so ó. Ṣé ẹ rí tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá yìí, ọmọ kékeré tí ò tíì bímọ, ó kọ orúkọ Dáre mọ́ àwọn tó máa sáré ní inter-house, mo lọ bá a, ó ní "Màmá, ara ọmọ yín le." Ìyá ọkọ mi náà ní mò ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò nílé ìwé yẹn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ yọ ọ́ kíá ma! Asthma ni ti àbúrò mi, wọ́n ní kó sáré yípo pápá, inhaler wà nínú báàgì ní kíláàsì, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá alákàrà ẹnu géètì tó sáré wá gbé e.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ti asthma kọ́ là ń sọ o. Màmá Dáre, ẹ ò lè há ọmọ mọ́lé títí táá fi gbéyàwó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, dókítà ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ní kó máa lúwẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ni Dáre, bọ̀dá.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ma, irú jẹjẹrẹ wo ni? Ìgbà wo ló parí ìtọ́jú? Ṣé ó gba oògùn pupa yẹn, doxorubicin? Ó lè ba iṣan ọkàn jẹ́, nígbà míì ọdún á gorí ọdún kó tó hàn. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó dáa, eré gan-an ló máa ṣe é lóore, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 5 sí 17.

Màmá Dáre: Ọ̀rọ̀ tíṣà ni mo bá wá o. Burkitt ni, èyí tó máa ń wú ọmọdé lágbọ̀n, ó parí ní 2019. Ó gba oògùn pupa. Ẹ ò mọ nǹkan tójú mi rí, irun tó gbọ̀n sórí pílò ẹ̀, mo ṣì dì í sínú ọ̀rá. Àti pé kò lè sáré náà, tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ó máa dúró lẹ́ẹ̀mejì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní torí pé kì í ṣeré ni.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ìgbà wo lẹ lọ clinic gbẹ̀yìn?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ẹ dáhùn nọ́ọ̀sì o.

Màmá Dáre: Látìgbà corona la ò ti lọ mọ́. Owó ò sí, ara ẹ̀ sì ti yá.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ẹ fi tíṣà sílẹ̀ ná. Kó má sáré rárá. Lóru, ṣé ó ń lè dùbúlẹ̀ gbalaja sùn?

Màmá Dáre: Pílò mẹ́ta ló ń gbé orí lé. Ó ti tó oṣù méjì. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ma, ó lè jẹ́ ọkàn ẹ̀ ni ò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ gbé e lọ sí ẹmẹ́jẹ́nsì lálẹ́ yìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ mú káàdì àtijọ́ dání, ẹ sọ orúkọ oògùn yẹn fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Olúwa, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ má bínú ma, mi ò mọ̀.

Màmá Dáre: Mo ti rí káàdì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, echo lọ́dọọdún. Bàbá ẹ̀ ti lọ wá mọ́tò.