Àgbéléwò, lámèyítọ́ àti àwòsọ: orúkọ wo ló yẹ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ lórí fíìmù tó wò nílé?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé orúkọ wo ni kí a fún ọ̀rọ̀ ṣókí tí ènìyàn máa ń sọ fún ọ̀rẹ́, tàbí tó máa ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù kan tán nílé, irú bíi "ó dùn, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn". Àwọn tó ti dáhùn dá lámèyítọ́, àríwísí àti ìwòye lábàá. Ẹnìkan sì fi kún un pé kò tọ́ kí a pe fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní àgbéléwò. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Lámèyítọ́ ni ó ní alátìlẹ́yìn jù. Ìtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kí a la nǹkan kí a lè mọ èyí tó tọ́, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù ní láti yẹ ìhun ìtàn àti ìfìwàwẹ̀dá (bí a ṣe fi ìwà hàn lára àwọn ẹ̀dá ìtàn) wò, bí a ṣe lo ìmọ́lẹ̀ àti ìró, ibi tí a gbé kámẹ́rà sí, àti ọgbọ́n tí olùdarí fi so ìran kan mọ́ òmíràn. Gbogbo ohun tó bá sì sọ, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù náà. Ẹni tó nà gbalaja sórí àga, tó dá fíìmù dúró láti dáhùn ìpè, tó sì tòògbé díẹ̀ láàárín, kò ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì sọ pé òun ṣe é. Bí a bá pe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ní lámèyítọ́, ẹrù tí kò bẹ̀bẹ̀ fún ni a dì rù ú.

Ní ti àríwísí, kò sí ẹ̀gàn nínú ìpilẹ̀ rẹ̀: ohun tí a rí tí a sì wí sí ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn lónìí, ẹni tó ṣe àríwísí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan. Ẹ wí fún ẹni tó ṣe fíìmù pé ẹ ní àríwísí lórí iṣẹ́ rẹ̀, yóò ti máa gbára dì kí ẹ tó la ẹnu. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gba ti ẹni tí fíìmù wọ̀ lákínyẹmí ara. Ìwòye sàn jù ú lọ, àmọ́ ó gbòòrò jù, nítorí ènìyàn lè ní ìwòye lórí ohun tí kò fojú kàn rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni àwòsọ. Ojú ọ̀nà tí àròsọ gbà wọ èdè wa ni òun náà gbà: ohun tí a rò tí a sì sọ ni àròsọ, ohun tí a wò tí a sì sọ ni àwòsọ. Kò yin, kò bú, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe onímọ̀. Wíwò tó wà nínú rẹ̀ tún wúlò púpọ̀, nítorí ẹni tó kàn rí ìpolówó fíìmù lásán kò ní ohun tó fẹ́ sọ ní àwòsọ. Bí ẹnìkan bá ní ó jọ bí ẹni ń ròyìn ìtàn fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ni títú àṣírí ìtàn, àwọn tí kò tíì wo fíìmù kì í sì í dárí rẹ̀ jini.

Èyí tó wá gba àlàyé jù ni àgbéléwò. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá Lumière, àwọn ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù, ṣe àfihàn fíìmù wọn ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, àwọn èrò tó sanwó ni wọ́n jọ wò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù ní láti jáde nílé. Nígbà tí káséẹ̀tì fídíò VHS jáde ní Japan ní ọdún 1976, tó sì tàn káàkiri ayé, fíìmù di ohun tí a lè dá dúró, tí a sì lè yí padà sẹ́yìn nínú yàrá ẹni. Inú ayé káséẹ̀tì yìí ni a ti ń pe fíìmù tí a ṣe sínú fídíò tí a sì tà fún àwọn ènìyàn ní àgbéléwò, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ní kí a má pe fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní àgbéléwò dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: gbé, ilé, wò. (Ẹ má ṣe fi "lé" ti àgbélébùú wé e, ìyẹn kò ní ilé nínú.) Kò sí ibi tó ti sọ ẹni tó ṣe fíìmù náà tàbí èdè tí wọ́n fi ṣe é. Káséẹ̀tì ti kógbá wọlé; láti ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Netflix ti ń gbé fíìmù gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé; fíìmù tí a wò ní sinimá lánàá ni a ń wò lórí fóònù lónìí. Nítorí náà, ọ̀nà ìwòran ni àgbéléwò yẹ kó máa tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀yà fíìmù.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wíwò nílé àti wíwò ní sinimá yìí kan àwòsọ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ní ìran òru inú fíìmù kan ṣókùnkùn jù lè jẹ́ pé iná yàrá ló tàn sójú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Fíìmù tí ìtàn rẹ̀ ń rọra rìn, tí gbogbo ènìyàn fi sùúrù wò nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ni ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ní ó fà jù. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a jẹ́ kó hàn nínú orúkọ: àwòsọ àgbéléwò ni, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ó ku ti ọ̀rọ̀ ìṣe àti ti ẹni tó ń ṣe é. "Ṣe àwòsọ" tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ti "aláwòsọ" tí ẹnìkan lè fẹ́ yọ lára rẹ̀, n kò rí ìdí tí a fi nílò rẹ̀, nítorí yóò dún bí orúkọ iṣẹ́, ẹni tó kàn sọ pé fíìmù kan dùn kò sì gba iṣẹ́ kankan. Òǹwòran ni tẹ́lẹ̀, òǹwòran náà ni kí a ṣì máa pè é.