Ìjákulẹ̀ Super Eagles wo ló dùn yín jù, ibo lẹ sì wà lọ́jọ́ náà?

Ọmọ Ṣómólú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jà sí ọ̀rọ̀ kan látàná, ẹ bá wa dá sí i. Èmi ní kò sí èyí tó dunni tó ti àṣekágbá AFCON, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní Abidjan, ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024. Côte d'Ivoire tí àwa fúnra wa ti nà 1-0 ní ìsọ̀rí! Tí wọ́n lé kóòṣì wọn nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́! Àwa la tún kọ́kọ́ jẹ góòlù, Troost-Ekong fi orí kàn án sáwọ̀n, gbogbo Ṣómólú hó yèè, ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé mi sókè. A wọ abala kejì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa bá wúwo. Kessié dá a padà. Haller tó ṣàìsàn jẹjẹrẹ lọ́dún 2022, òun ló wá fi èkejì jẹ wá ní ìṣẹ́jú 81. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọdé ló ń yọ mí lẹ́nu, pé ẹni tí kò bá wo ti 1994 kò tíì rí ìjákulẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìjẹ̀ṣà Ajégunlẹ̀:
World Cup 2018. Rojo ti Argentina. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Baba Lawanson:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ló jàre, ọmọ mi. Ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, àwa àti Ítálì ní World Cup, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa níbí. Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí nígbà yẹn. Wọ́n ti gbé MKO tì mọ́lé láti oṣù kẹfà, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ tó ṣáájú, epo bẹntiróòlù ti ń wọ́n. Láńlọ́ọ̀dù wa nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, ó sì ti sọ pé òun ò ní epo tí òun máa fi wo bọ́ọ̀lù. Àwa ayálégbé dáwó jọ, a ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń tà á ní kọ̀rọ̀. Iye tó gbà, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Amuneke jù ú sáwọ̀n. Ìyàwó láńlọ́ọ̀dù, tí kì í dá ayálégbé lóhùn, bọ́ sáàárín wa, ó ń jó. Nígbà tó yá wọ́n lé Zola jáde, àwọn Ítálì ku 10. Kí ló tún kù? Ìṣẹ́jú méjì, ọmọ mi, ìṣẹ́jú méjì! Àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù dárà, wọ́n ń tì í síra wọn. Baggio bá fò yọ. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, wọ́n fún wọn ní pẹnárítì, Baggio kan náà ló gbá a. Ibi tí a wà yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí, ó kú kí réfíríì tó fọn fèrè ìkẹyìn. Kò sí ẹnì kan tó dìde lọ wò ó.

Àkàndé Oṣòdì:
Baba, ẹ tún ọgbẹ́ yìí dá sí mi lára o. Ọmọ kékeré ni mí nígbà yẹn, mo rántí pé bàbá mi ò jẹun alẹ́.

Ọmọ Ṣómólú:
Ẹ̀gbọ́n mi ti ka ti Baba Lawanson, ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín látìgbà yẹn.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ẹ̀yin ọkùnrin, bọ́ọ̀lù ló dùn yín. Owó ló dùn mí. Èmi ni mo ń yan ẹja àrọ̀ níwájú ilé ìwòran kan ní Mushin lọ́jọ́ Côte d'Ivoire tí ẹ ń sọ yìí. Àwìn ni mo gba ẹja ọ̀hún, mo ní tó bá di alẹ́ kí n lọ san án. Bí Nàìjíríà ṣe jẹ góòlù báyìí, ẹni tó ní kí n yan ọ̀kan fún òun ní kí n sọ ọ́ di mẹ́ta, kí n gbé ìyókù fún àwọn tó jókòó ti òun. "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣáà máa gbé e bọ̀, a ó ṣírò ẹ̀ pọ̀!" Mo ń gbé e bọ̀. Ata, àlùbọ́sà, gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí Haller gbá tiẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ fẹ́ iná ni. Mo gbójú sókè, àga òfìfo. Àwo wà ńbẹ̀, egungun wà ńbẹ̀, àwọn tó jẹ ẹ́ ti poora. Wọ́n tún gbé ṣíbí mi kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣíbí ṣe nígbà tí gbogbo ìlú ń ṣọ̀fọ̀?

Àkàndé Oṣòdì:
ṢÍBÍ! Mo ti kú.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Hàáà. Ṣíbí kẹ̀?

Kúnlé Agége:
Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ fà á. Kí ló dé tí ẹ ò gbowó kí wọ́n tó jẹun? Ní Agége níbi tí èmi ti ń wòran, ẹ máa kówó sílẹ̀ kí ẹran tó kúrò lórí iná, ì báà jẹ́ Nàìjíríà ló ń gbá, ì báà jẹ́ Arsenal.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Kúnlé, ṣé o ti tajà rí? Bóo bá béèrè owó lọ́wọ́ ọkùnrin tí inú ẹ̀ ń dùn, lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó máa ní o fi òun wọ́lẹ̀ ni. Á dìde, á kó gbogbo wọn lọ bá ẹni tó ń ta sùyà ní òdìkejì. Ìwọ á wá máa fi ẹja ẹ ṣeré.

Tíṣà Yábàá:
Ẹni tó bá jẹ ẹja ti jẹ gbèsè. Bọ́ọ̀lù ò sí nínú ẹ̀.

Àkàndé Oṣòdì:
Tí ẹja ò bá wá gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ náà ìdajì ni mo jẹ nínú tèmi, mi ò lè gbé ìyókù mì. Ṣé odindi ló yẹ kí n san?

Ìyá Ìbejì Mushin:
Odindi!

Tíṣà Yábàá:
Odindi.

Baba Lawanson:
Odindi, ọmọ mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti tẹlifíṣọ̀n, mo kí yín o. Inú pápá lèmi wà. Sítédíọ̀mù, Súrùlérè, ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kejì ọdún 2000, àṣekágbá AFCON, àwa àti Cameroon. Èmi àti bàbá mi ni. Ilẹ̀ tiwa, èèyàn tiwa, ìlù ò dákẹ́. Eto'o jẹ ọ̀kan, Mboma jẹ ọ̀kan, ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Bí wọ́n ṣe dé, Okocha fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, mo rò pé ilé yẹn máa wó lé wa lórí.

Ó di pẹnárítì. Kanu gbá tiẹ̀, kò wọlé. Ó wá kan Ikpeba. Bọ́ọ̀lù lu igi òkè, ó já sílẹ̀, ó tún jáde. Níbi tí a jókòó sí, a ò rí ibi tó já sí gan-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn àwọ̀n ń pariwo pé ó wọlé. Réfíríì, ará Tùnísíà, ní kò wọlé. Rigobert Song bá parí iṣẹ́.

Mi ò rí ọkọ̀ kankan wọ̀. A gba Western Avenue, a gba Íjórà, a fẹsẹ̀ gun afárá Èkó. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé Àpọ́ńgbọ̀n ló tó lanu, ó ní, "Ó kọjá ìlà." Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi lọ bá àwọn bàbá ẹ̀, ẹ lè jókòó kí ẹ máa sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé tàbí ọ̀rọ̀ ìdìbò, yóò dédé mi kanlẹ̀, "Ó kọjá ìlà."

Tíṣà Yábàá:
Ó kọjá ìlà lóòótọ́. Wọ́n tún un fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wa la rí i.

Délé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ẹ má bínú o, bọ̀ọ̀dá. Gbogbo ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí l'Ékòó ló ń sọ pé òun wà ní Sítédíọ̀mù lọ́jọ́ náà. Tí a bá ka gbogbo yín, ẹ máa kún pápá mẹ́wàá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Tíkẹ́ẹ̀tì wa ṣì wà nínú Kùránì bàbá mi. Màmá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Délé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ẹ yà á ní fọ́tò ká rí i.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ìwọ wá bá ìyá mi sọ ọ́.

Baba Lawanson:
Pápá yẹn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti jẹ méjì, tí Múdà Láwàl jẹ ọ̀kan, tí a na Algeria 3-0 lọ́dún 1980. Ibẹ̀ náà ni Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù wa, ṣubú sí lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, tí kò dìde mọ́. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Mo máa ń kọjá níbẹ̀, mi ò kì í fẹ́ wò ó.

Ìjẹ̀ṣà Ajégunlẹ̀:
Ilẹ̀ ibẹ̀ ń bínú. Wọn ò ṣètùtù fún Okwaraji. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí Cameroon fi rí wa mú.

Tíṣà Yábàá:
Ó tún ti dé. Cameroon ti nà wá ní àṣekágbá lọ́dún 1984 àti 1988, kí Okwaraji tó kú. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti nà wá nígbà méjèèjì. Ilẹ̀ wo ló ń bínú nígbà yẹn?

Ìjẹ̀ṣà Ajégunlẹ̀:
Tíṣà, kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tí Congo ti Kinshasa fi pẹnárítì nà wá ní Rabat, oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí World Cup bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣebí Chelle kóòṣì wa fúnra ẹ̀ ló sọ fún àwọn oníròyìn pé ọkùnrin kan lára wọn ń ṣe oògùn. Kóòṣì o! Kì í ṣe babaláwo.

Tíṣà Yábàá:
Ẹni tó pàdánù gbọ́dọ̀ rí nǹkan sọ. Onyeka ti jẹ góòlù fún wa kí ìjókòó èèyàn tó rọ̀, a ò rí èkejì fi kún un. Ṣé oògùn náà ló di ojú àwọ̀n ni? Bí oògùn bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Ìjẹ̀bú ì bá ti gba World Cup lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ Alárè:
Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Kí ló gbé Ìjẹ̀bú wọ inú ọ̀rọ̀ yìí?

Àkàndé Oṣòdì:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n yìn yín ni.

Ọmọ Alárè:
Tí a bá fẹ́ gba ife ẹ̀yẹ, a máa rà á ni. A ò ní fi oògùn ṣòfò.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi:
Ti èmi kì í ṣe ìjákulẹ̀ pàápàá, a borí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ South Africa, 7 oṣù kejì ọdún 2024. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà. Osimhen ti jẹ èkejì, a ń jó ní kọ̀rídọ̀, wọ́n lọ wo fídíò VAR, wọ́n wọ́gi lé góòlù wa, wọ́n sì fún South Africa ní pẹnárítì lórí ẹ̀. Kí n tó jókòó, wọ́n ti gbé bàbá kan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ti gòkè. Ọmọ ẹ̀ ní kò lo oògùn láàárọ̀, pé ó ní oògùn náà máa ń jẹ́ kí òun sùn, òun ò fẹ́ sùn lójú bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn bàbá yín. Àwọn kan ṣubú, wọ́n kú lọ́jọ́ náà, ìwé ìròyìn gbé e. Bàbá tiwa ò kú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nípa asọ́lé wa nígbà tó lajú ni pé, "Nwabali mú un?"

Baba Lawanson:
Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Mo lo tèmi láàárọ̀ yìí.

Àkàndé Oṣòdì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2019, kí n tó lọ gbéṣẹ́. Algeria, alẹ́ Sunday. Mo ń gbé èrò láti Oṣòdì lọ sí Ìyánà Ìpájà, rédíò wà ní títàn. Ighalo dá a padà pẹ̀lú pẹnárítì, gbogbo ọkọ̀ ní kí n dúró. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ń gbọ́ ọ. Kọ̀ńdọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 95, Mahrez gbá fíríkìkì. A ò rí i, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ la gbọ́, a ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó mí. Ìyá àgbà kan ló wà ní ẹ̀yìn pátápátá, kò tíì sọ̀rọ̀ láti Oṣòdì. Màmá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ máa wá gbé wa lọ báyìí?"

Ọmọ Ṣómólú:
Màmá yẹn ló yẹ kó ṣe kóòṣì wa.

Kúnlé Agége:
Ẹ máa bú mi, mo mọ̀. Lọ́jọ́ Côte d'Ivoire, mo ta tẹ́tẹ́, mo fi owó lé Côte d'Ivoire lórí. Bí wọ́n bá borí, mo jẹ owó. Bí Nàìjíríà bá borí, inú mi dùn. Ọgbọ́n ni.

Délé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ọ̀DÀLẸ̀!

Ìjẹ̀ṣà Ajégunlẹ̀:
Ẹ ò rí i? Ẹ ní kò sí oògùn. Ó wà nínú ilé pẹ̀lú wa.

Baba Lawanson:
Kúnlé, ta ni bàbá ẹ?

Kúnlé Agége:
Ṣùgbọ́n mi ò gbádùn owó náà, mo fi Ọlọ́run búra. Gbogbo ilé ń sunkún, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ yọ̀.

Ìyá Ìbejì Mushin:
Ṣé Agége lo ti wòran lọ́jọ́ náà lóòótọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ ẹja mi ò pariwo nígbà tí a jẹ góòlù. Ó kàn ń wo fóònù ẹ̀. Pupa ni, ó ga díẹ̀.

Kúnlé Agége:
Dúdú ni mí, àǹtí.

Tíṣà Yábàá:
Fi fọ́tò ránṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi:
Ẹ bi í léèrè ṣíbí.